Ẹyẹ Òkun Orí Òrùlé ní Brighton

 

Brighton ni mo wà lóṣù Òkúdù, nílé àbúrò mi obìnrin, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etíkun tiwọn kì í ṣe yanrìn bíi ti Badagry; òkúta wẹẹrẹ ni, á máa dún lábẹ́ bàtà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe kan jí mi lórí òrùlé. Mo ní ọmọ ta ló ń ké báyìí? Àbúrò mi rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn onílé nìyẹn o.”

Ẹyẹ òkun ni, èyí tí wọ́n ń pè ní herring gull. Ó sanra ju lékeléke lọ dáadáa. Orí àti ikùn rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú, àmì pupa kan sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Àṣé ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ máa ń fi ẹnu ṣá tí ebi bá ń pa á, tí ìyá tàbí bàbá á fi bi oúnjẹ sílẹ̀ fún un. Tákọtabo ló jọ ń sàba, ẹyin 3 ló sì sábà máa ń jẹ́. Nínú pápá, ẹ ó rí i tó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ bí ẹni ń jó bàtá, kí ekòló lè jáde.

Lọ́jọ́ kẹta, a gbé àkàrà àti omi tútù lọ kí Olókun. Mi ò tíì parí ìwúre tí ẹyẹ kan fi já wá láti ẹ̀yìn, ó gbé àkàrà orí òkúta. Òmíràn já tọwọ́ ọmọ àbúrò mi gbà, ó sì ha á níka. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ó bú sẹ́kún. Àbúrò mi ní, “Olókun ti gbà á nìyẹn.” Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹyẹ tó bá rí jẹ lọ́wọ́ èèyàn lónìí á padà wá lọ́la, ìyá arúgbó ẹlòmíì ló sì lè kọlù. Àwa la ó kọ́ ọ lólè, tí wọn á wá máa bú u. Látìgbà náà, omi tútù àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo ń gbé lọ sétíkun ibẹ̀. Oúnjẹ ń dúró nídìí ojúbọ nílé. (Ẹni tí Ifá bá ní kó gbé e dé etí omi, ìyẹn yàtọ̀, kó bá babaláwo rẹ̀ sọ ọ́.) Ẹ sì máa wò ó lójú. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Exeter rí i pé ó máa ń lọ́ra láti sún mọ́ oúnjẹ tí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn.

Aládùúgbò kan fẹ́ fi igi tú ìtẹ́ wọn. Òfin ọdún 1981 kò gbà á láyè nígbà tí ẹyẹ bá ṣì ń lò ó. Wọ́n pọ̀ lójú nígboro lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye wọn ti dín kù gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí n tó kúrò, ọmọ ẹyẹ kan já bọ́ sẹ́yìnkùlé, kò tíì lè fò. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ń já lu ẹni tó bá kọjá. Agboòrùn la fi ń borí lọ sá aṣọ. Ọmọ tó sunkún létíkun ló wá ń sọ fún gbogbo wa pé ká rọra rìn. Ó bi mí bóyá ẹyẹ yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní òun kọ́, ìbátan rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ni, ìyẹn ló ń sá fún òtútù dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ní kí n bá òun kí i tí mo bá délé.