Ọ̀nà Tí Èlíjà Sá Gbà

Ní Òkè Kámẹ́lì ní Ísírẹ́lì, níbi tí wọ́n ń pè ní Muhraqa, a gun orí òrùlé ilé àwọn mọ́ńkì, a sì wo àfonífojì Jésírẹ́lì tó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ọ̀nà yìí, tó lé ní kìlómítà 20, ni Èlíjà sá níwájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù (1 Ọba 18:46). Ọwọ́ Olúwa wà lára rẹ̀!

Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésébélì ránṣẹ́ ikú sí i, eré ayọ̀ di eré ìbẹ̀rù. Ó sá dé Bíáṣébà, ó lé ní kìlómítà 100 sí gúúsù. Ó wọ aginjù, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun.

Ará, eré ìdárayá òwúrọ̀ dára. Ó ń mú ọkàn fúyẹ́, ó ń mú oorun wá. Àmọ́ ẹsẹ̀ lè le kí ọkàn má le. Oorun, àkàrà àti omi ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún Èlíjà. Lẹ́yìn náà ó fún un ní Èlíṣà. Bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ní ayé sú òun, ẹ má pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ẹ bọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ mú un lọ rí dókítà, kí ẹ sì máa gbàdúrà.