Ọwọ́ Tí A Fi Ń Ta Gìtá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kò sí ẹni tí a tọ́ ní ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire tí kò mọ òwe yìí, àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀tún ṣe ohun gbogbo a sì máa pa á láìronú. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ẹlẹ́dàá fi agbára rẹ̀ sí apá òsì ni ó mọ bí òwe náà ti wúwo tó.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan ń gbé ní Ajah, níbi tí ilẹ̀ Èkó ti há sí ààrin òkun àti ọ̀sà. Bí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Lẹ́kkí ní ìrọ̀lẹ́, òkun a wà ní ọ̀tún rẹ̀, ọ̀sà a wà ní òsì. Ẹni ọdún 41 ni, iṣẹ́ ìṣirò owó ni ó ń ṣe. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọmọ ọdún 7, ìyá rẹ̀ ti fi ọ̀já di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára nídìí oúnjẹ, olùkọ́ rẹ̀ sì ti fi pàṣán lé e kúrò lára gègé. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ọ̀tún jẹun, tí ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Gìtá ni ó tú u síta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, orin King Sunny Adé sì ń jáde láti inú rédíò ọkọ̀. Kì í ṣe ohùn olórin ni ó gbọ́ lọ́jọ́ náà bí kò ṣe àwọn gìtá: ọ̀kan ń béèrè, èkejì ń dáhùn, ìkẹta ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ wọn. Kí ó tó dé Jákàǹdè, ó ti pinnu pé òun yóò kọ́ ọ.

Ó ra gìtá onígi kan, ó sì rí àgbà kan ní Ṣàngótẹ̀dó tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta gìtá lẹ́yìn àwọn olórin jùjú. Ọ̀gá náà kò fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ ṣòfò. Ó ní, “Àbúrò, gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ó kún ọjà. Dì í mú bí gbogbo ayé ṣe ń dì í mú. Ọwọ́ òsì ni ó ń tẹ okùn lọ́rùn gìtá, iṣẹ́ tí ó le jù sì nìyẹn. Ìwọ gan-an ni ó yẹ kí ó rọrùn fún.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Láàrin oṣù mẹ́ta, àwọn ìka òsì rẹ̀ ti mọ ibi tí kọ́ọ̀dù G, C àti D wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò gbọ́ràn. Bí ó bá gbá okùn lọ sísàlẹ̀, kò mọ ìgbà tí yóò padà sókè, orin a sì máa tiro.

Ẹni tí ó bá mọ ìlù yóò mọ ohun tí ó fà á. Onídùndún a gbé ìlù kọ́ èjìká òsì, a fi ọwọ́ òsì fún ọsán rẹ̀ kí ohùn lè lọ sókè tàbí kí ó wá sílẹ̀, a sì fi ọ̀tún di kọ̀ǹgọ́ mú. Òsì ni ó ń yan ohùn, ọ̀tún ni ó ń sọ ọ́ jáde ní àsìkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gìtá. Ọwọ́ tí ó ń tẹ okùn lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí a ti ń kọ́ ábídí, ṣùgbọ́n ijó gbọ́dọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ nínú ọwọ́ tí ó ń ta á.

Ní ọjọ́ kan tí wọ́n sinmi láti mu omi, ọ̀gá ń kọ orin kan jẹ́jẹ́. Ọwọ́ òsì akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu apá àga, kò sì ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá gbé ife sílẹ̀, ó wò ó títí.

“Èwo ni ọwọ́ rẹ, àbúrò?”

Ọkùnrin náà kò lè dáhùn kíákíá. Láti nǹkan bí ọdún 34 sẹ́yìn, kò sí ẹni tí ó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

“Òsì ni, ọ̀gá.”

“Ó dára. Yí gìtá padà.”

Yíyí gìtá padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Okùn mẹ́fà ni ó ní, èyí tí ó nípọn jù ni ó sì wà lókè. Bí a bá yí i sí apá kejì, èyí tí ó tín-ín-rín jù ni yóò bọ́ sókè. Elizabeth Cotten, obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1893, kò tilẹ̀ tún okùn tò: ó kàn yí gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún padà, ó ń fi àtàǹpàkò ta ohùn òkè, ó sì ń fi àwọn ìka yòókù ta ohùn ìsàlẹ̀. Jimi Hendrix yí tirẹ̀ padà, ó sì tún okùn rẹ̀ tò. Paul McCartney ní èyí tí a kàn fún ọlọ́wọ́ òsì. Ó sì gbé ọwọ́ òsì náà wá sí Èkó ní ọdún 1973, nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, wá ṣe àwo orin Band on the Run ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá.

Ọ̀nà ti Hendrix ni ọ̀gá yàn. Ó tú àwọn okùn, ó fi fáìlì kékeré fẹ ihò orí ọrùn gìtá kí okùn tí ó nípọn lè wọ ibi tí tín-ín-rín ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé pé igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn sinmi lé ní ìsàlẹ̀ dà sí apá kan, nítorí náà ohùn kò ní tọ́ tán. “Ó tó kẹ́kọ̀ọ́,” ni ó wí.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìka ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ bí ti ìkókó lójú okùn irin. Wọ́n lé ròrò, wọ́n bó, wọ́n yi. Kọ́ọ̀dù tí ó ti mọ̀ di àjèjì. Èrè kan ni ó tètè rí: bí òun àti ọ̀gá bá kojú sí ara wọn, bí ẹni ń wo dígí ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò béèrè ọ̀nà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gòkè, orin sì rìn.

Ní oṣù kejì èyí ni ìyá rẹ̀ wá kí wọn láti Abẹ́òkúta. Nídìí oúnjẹ alẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 6, fi òsì mú ṣíbí. Ìyá àgbà gba ṣíbí náà, ó fi í sí ọ̀tún. Ọmọ dá a padà sí òsì. Ìyá àgbà wo ọ̀já tí ó wà lórí àga.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó jẹun bẹ́ẹ̀.”

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó gbé gìtá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ta ni ó kọ́ ọ ní ọwọ́ yẹn?”

“Ẹ̀yin ni ẹ bí i mọ́ mi, Màámi.”

Ìyá jókòó. Ó pẹ́ kí ó tó sọ ohun tí kò sọ fún un rí: pé nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó titun, bí ọmọ náà bá ti na ọwọ́ òsì gba ẹran, òun ni àwọn ìyá ọkọ òun ń bú pé òun kò mọ ọmọ tọ́. “Bí mo ti ń di ọwọ́ rẹ ni mò ń sunkún,” ó wí. “Ìwọ náà ń sunkún. Èmi àti ìwọ ni a jọ ń sunkún.”

Kì í ṣe pé Yorùbá kórìíra òsì. Ní Ìbàdàn, bí Ọ̀tún Olúbàdàn ti wà ni Òsì Olúbàdàn wà, oyè ńlá sì ni méjèèjì. Ọwọ́ òsì ni àwọn Ògbóni fi ń kí ara wọn. Ọ̀wọ̀ àgbà àti ọ̀wọ̀ ilé baba ẹni ni òwe náà ń ṣọ́. Àwọn tí wọ́n bú ìyàwó titun ni wọ́n sọ ọ́ di òfin lórí ṣíbí ọmọdé.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ní òru náà kò pọ̀. Ọmọ yóò máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, yóò sì máa fi ọ̀tún fún wọn. Ṣíbí àti gègé di ti ọwọ́ tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyá àgbà kò gbà tán. Ní òwúrọ̀, ó ṣì ń kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kí ó fi ọ̀tún gba owó búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ògì kalẹ̀ fún un, apá òsì abọ́ ni ó fi ṣíbí sí.

Ọkùnrin náà kò tíì lè ta orin tí ó gbọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́jọ́sí. Kọ́ọ̀dù F ṣì ń ni ín lára. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé, bí ó bá gbé gìtá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ a fa àga sún mọ́ ọn, a sì máa fi ọwọ́ òsì lu apá àga náà. Kì í ṣìnà.