Àpá Sàn Ju Ihò Lọ

Ọkọ̀ tí bàbá mi fi ń kérò láti Ìkirè lọ sí Àpòmù ló ń san owó ilé-ìwé mi. Bí òkúta títì bá ha ọ̀dà rẹ̀, kì í ṣe ẹwà nìkan ló bàjẹ́: òjò á kan irin, ìpẹtà á mú un, á sì jẹ ẹ́ títí yóò fi lu.

Bí a bá ti rí i la ti ń tọ́jú rẹ̀. A ó fọ ibẹ̀, kó gbẹ. Èmi á fi sáńpépà họ ìpẹtà kúrò. Páráímà ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ọ̀dà tí a fi nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ rà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ á gbẹ ná.

Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí àpá. Bàbá mi ní àpá kì í dá ọkọ̀ dúró sílé.