Leica Tí Kì Í Ṣe Leica

Nínú kámẹ́rà mẹ́rin tí mo ti kó jọ, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ olórúkọ ni mo ń lò jù. “Leica” ni wọ́n fín sí i lórí, ṣùgbọ́n FED ni. Ní ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní Kharkiv ní Ukraine, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò nílé níṣẹ́ ọwọ́. Leica II ti Jámánì ni wọ́n wò ṣe é. Àwọn oníjìbìtì ló wá ha orúkọ FED kúrò, tí wọ́n fi ti Jámánì rọ́pò.

Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lọ́jà, ẹ yọ lẹ́ńsì rẹ̀ kí ẹ wo inú. Leica ní irin roboto kékeré kan tí ó ń yí bíi táyà. Tèmi rí pẹlẹbẹ. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Kò lo bátìrì. Mo ní láti fi àlùmọ́gàjí gé ẹnu fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ kí n tó kì í bọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, àwòrán 36 péré sì ni. Ìyá mi, tí kì í kọbi ara sí fóònù, á lọ wé gèlè bí ó bá ti rí i lọ́wọ́ mi.

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan fẹ́ rà á ní iye Leica gidi. Owó náà tó san owó ilé mi fún oṣù méjì, onílé sì ti ń kan ìlẹ̀kùn. Mo yọ lẹ́ńsì, mo fi irin pẹlẹbẹ náà hàn án. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní òun kò rà mọ́. Àwòrán kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró síbi fèrèsé, mo sì yà á.