Àsíá Tí Kò Kanlẹ̀

Ṣẹ́dà ni wọ́n fi rán àsíá Amẹ́ríkà náà. Ilà pupa méje àti ilà funfun mẹ́fà ló tò léra lára rẹ̀. Pupa ló wà lókè pátápátá, pupa ló wà nísàlẹ̀. Ní igun tó sún mọ́ igi, ìràwọ̀ tò sórí aṣọ búlúù. Igi tó gbé e dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ọkùnrin tó bá gbé e lójú ogun kò ní ọwọ́ tí yóò fi di ìbọn mú.

Nínú fọ́tò àtijọ́ kan, ọkùnrin dúdú kan tó wọ aṣọ ológun dúró pẹ̀lú àsíá yìí. Orúkọ rẹ̀ ni William Harvey Carney.

Ìlú Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1840, inú oko ẹrú ló sì bá ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ìdílé rẹ̀ bọ́ sí New Bedford, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, níhà àríwá tí wọn kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni ní ẹrú. Èbúté ni New Bedford. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn tó ń pa àbùùbùtán ti ń ṣí lọ sójú òkun nígbà náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yí àgbá epo rẹ̀ gbirigbiri sórí ilẹ̀. Láàárín òórùn epo àti omi iyọ̀ yìí ni Carney ti ń múra láti di oníwàásù.

Ọ̀rọ̀ ẹrú ló dá ogun sílẹ̀ láàárín àríwá àti gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dún 1861. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1863, Massachusetts bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọkùnrin dúdú sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tí wọ́n pè ní 54th Massachusetts. Frederick Douglass, tó ti ṣe ẹrú rí, kéde rẹ̀ káàkiri, méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sì forúkọ sílẹ̀. Carney náà lọ. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un. Ọmọ ọdún 23 ni.

Ní àgọ́ wọn ní Readville, lẹ́bàá Boston, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn Enfield. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ogun á yọ ìdì bébà kékeré kan nínú àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi eyín fa orí rẹ̀ ya, á da ẹ̀tù inú rẹ̀ sẹ́nu ìbọn, á sì ti ọta tẹ̀ lé e. Á fa ọ̀pá irin yọ, á fi gún un wọlé títí yóò fi jókòó sídìí. Á wá fi ìdérí bàbà tíńtín bo ibi tí òòlù ìbọn yóò ti lù. Ẹ̀tù a máa kun ètè wọn dúdú, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì máa gbẹ wọ́n lọ́fun.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, ọdún 1863, wọ́n dé iwájú Fort Wagner, odi àwọn ọmọ ogun gúúsù, ní erékùṣù Morris, lẹ́nu èbúté Charleston ní South Carolina. Iyanrìn ni púpọ̀ nínú odi náà, yàrà sì wà níwájú rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán ni ọkọ̀ ogun àríwá ń rọ̀jò ọta sí i láti ojú òkun. Ọta á wọnú iyanrìn, iyanrìn á tú sókè, á tún rọ padà sójú ihò náà. Odi kò wó.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, nǹkan bí 600 ọkùnrin tò sétí òkun, ọ̀bẹ gígùn lẹ́nu ìbọn wọn. Òkun wà lọ́tùn-ún, irà wà lósì, ọ̀nà iyanrìn tó wà láàárín sì ń tín-ín-rín bí wọ́n ṣe ń lọ, títí àwọn tó wà létí fi ń rìn nínú omi. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ odi, gbogbo orí rẹ̀ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó gbé àsíá ṣubú. Carney ju ìbọn rẹ̀ nù, ó gba igi náà mú. Ó fi orúnkún gun ògiri iyanrìn, ó sì gbé àsíá náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wọn, Robert Gould Shaw, kú lórí odi yẹn. Nígbà tí Carney wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òkú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló yí i ká.

Àwọn kan ń bọ̀. Ó rò pé ará ilé ni, ọ̀tá ni. Ó wé ṣẹ́dà náà mọ́ igi rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, omi sì mù ún dé ìbàdí. Ọta bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á lápá, ó bà á láyà, ọ̀kan sì ha á lórí. Ọmọ ogun kan láti ẹgbẹ́ 100th New York bá a lọ́nà, ó ní kí òun gba àsíá náà. Carney kọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ 54th nìkan ni òun lè gbé e fún. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀, ó sọ fún wọn pé àsíá náà kò kan ilẹ̀ rárá.

Nínú àwọn 600 náà, 272 ló kú, ló fara gbọgbẹ́ tàbí ni wọn kò rí mọ́. Nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, dọ́là 13 lóṣù ni ìjọba ti ṣèlérí fún wọn, bíi ti ọmọ ogun aláwọ̀ funfun. Nígbà tí owó dé, 10 ni wọ́n fẹ́ kà fún wọn, wọ́n sì fẹ́ yọ 3 nínú rẹ̀ nítorí aṣọ. Àwọn ọmọ ogun náà kò fọwọ́ kan méje tó kù. Massachusetts ní òun yóò fi owó kún un, wọ́n tún kọ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi jagun láìgba kọ́bọ̀.

Ọgbẹ́ ló mú kí wọ́n dá Carney sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun lọ́dún 1864. Ó padà sí New Bedford, ó bójú tó iná òpópónà ìlú, lẹ́yìn náà ó pín lẹ́tà láti ilé dé ilé fún ọdún 32.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1900, nǹkan bí ọdún 37 lẹ́yìn ìjà Fort Wagner, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ológun tí wọ́n ń pè ní Medal of Honor. Ìràwọ̀ onígun márùn-ún ni àmì ẹ̀yẹ náà. Idì dúró lókè rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìbọn ńlá méjì tó gbé ara wọn ní àgbélébùú.

Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ṣe kẹ́yìn, ní ilé ìjọba Massachusetts ní Boston. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè ilé tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1908, ó sì kú ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Wọ́n fa àsíá orí ilé ìjọba náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì igi nítorí rẹ̀.