Ká Gbá Bọ́ọ̀lù Dànù Ni, àbí Ká Lọ Gbé E?

Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè pé irú bọ́ọ̀lù wo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ gbé sáré yìí, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n ń kàn bí àgbò. Àwọn ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀ o. Adewale Ogunleye gbá a fún Chicago Bears títí dé ìdíje àṣekágbá wọn tí wọ́n ń pè ní Super Bowl, ní ọdún 2007. Mi ò ní lè sọ gbogbo òfin eré náà tán lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú níbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ilé mi.

Bó ṣe rí nìyí. Pápá wọn gùn ní 100 yáàdì. Yáàdì kan kò tó mítà kan, ó dín díẹ̀. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi gbé e síwájú ní 10 yáàdì. Bí wọ́n bá gbé e débẹ̀, wọ́n á tún rí ìgbìyànjú mẹ́rin mìíràn gbà. Bí wọn ò bá gbé e débẹ̀, ẹgbẹ́ kejì á gba bọ́ọ̀lù níbi tó dúró sí gan-an. Ẹni tó bá gbé e wọ ìpẹ̀kun pápá gba àmì 6.

Tí ìgbìyànjú mẹ́ta bá ti lọ, tó sì ku díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, kóòṣì gbọ́dọ̀ yan. Ó lè ní kí wọ́n fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù dànù sí ẹgbẹ́ kejì, bí 40 yáàdì, kí àwọn yẹn lè bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Punt ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí wọ́n bá sún mọ́ ìpẹ̀kun pápá, ó lè ní kí wọ́n gbá a gba àárín òpó méjì fún àmì 3. Ó sì lè sọ pé, "Ẹ lọ gbé e." Bó bá bọ́ sí i, wọ́n ń bá eré lọ. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹgbẹ́ kejì gba bọ́ọ̀lù, ọ̀nà tí wọ́n máa rìn kò sì jìn mọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbígbá dànù ni kóòṣì púpọ̀ máa ń yan, kódà nígbà tó bá ku yáàdì kan péré. Ọ̀gbẹ́ni David Romer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì Berkeley ní Kalifóníà, jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ó kó àwọn eré líìgì ńlá wọn ti ọdún 1998 sí 2000 jọ. Ìdá àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin eré nìkan ló wò, torí pé bí eré bá ti ń lọ sópin, aago àti iye àmì á ti máa yí ìpinnu kóòṣì padà. Ní ọdún 2006 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ìgbà 1,068 ni ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé ó sàn kí wọ́n lọ gbé bọ́ọ̀lù. Nínú ìgbà 1,068 yìí, ìgbà 959 ni wọ́n fẹsẹ̀ gbá a.

Àwọn kóòṣì yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọmọ wọn ni. Kí ló dé tí wọ́n ń yan èyí tí kò sàn?

Lójú tèmi, ẹ̀bi ni wọ́n ń sá fún. Àwọn àgbà wa ní ikú yá ju ẹ̀sín. Kóòṣì tó gbá bọ́ọ̀lù dànù tó sì pàdánù, ikú lásán ló kú: wọ́n á ní àwọn ọmọ rẹ̀ ò lágbára lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Àmọ́ èyí tó ní kí wọ́n lọ gbé e tí kò sì bọ́ sí i, ẹ̀sín ni tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á máa pè títí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bill Belichick ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Kóòṣì New England Patriots ni nígbà náà, ó sì ti gba ife Super Bowl mẹ́ta fún wọn. Wọ́n ń bá Indianapolis Colts gbá, wọ́n sì ń ṣíwájú pẹ̀lú 34 sí 28. Ó ku ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ kí eré parí. Ìgbìyànjú kẹrin ni, yáàdì méjì ló kù, àwọn fúnra wọn sì wà ní yáàdì 28 nílé tiwọn. Gbogbo ayé rò pé wọ́n máa gbá a dànù. Belichick ní kí wọ́n lọ gbé e. Tom Brady ju bọ́ọ̀lù sí Kevin Faulk, Faulk mú un, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ní kò dé ojú ilà. Ni Peyton Manning àti àwọn Colts bá gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì borí pẹ̀lú 35 sí 34.

Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Àwọn kan ní ìgbéraga ló pa á. Ṣùgbọ́n ohun tí Belichick ń rò kò ṣòro láti rí. Manning ló wà lódì kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n jù jù láyé. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù dànù, Manning ṣì ní ìṣẹ́jú méjì láti fi gbé e padà wá. Bí Faulk bá dé ojú ilà, eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Yáàdì méjì rèé, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀, ó ju ìdajì ìgbà lọ tó máa ń bọ́ sí i. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò eré yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, àwọn kan sì sọ gbangba pé èyí tó sàn jù ni Belichick yàn. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ẹ̀yìn ni àwọn onísirò yẹn wò. Àwọn tó kù, iye àmì nìkan ni wọ́n rí.

Ibi tó ti kàn mí nìyí. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nínú eré kan tí wọ́n ti ń múra rẹ̀ tipẹ́, àmì mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣíwájú, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgbìyànjú kẹrin, yáàdì kan, ní àárín pápá. Kóòṣì wọn ní kí wọ́n lọ gbé e, ọmọ mi ni wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù fún. Wọ́n dá a dúró kó tó débẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbé e wọlé, ó parí.

Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi pariwo pé kí wọ́n lé kóòṣì náà lọ. Ọkùnrin yìí kan náà ló ti dìde pàtẹ́wọ́ ṣáájú ìsinmi, nígbà tí kóòṣì yan ohun kan náà tó sì bọ́ sí i. Nígbà yẹn, ó pè é ní akọni.

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n borí wa?"

Mo bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù fún ẹ lọ́dún yìí nígbà tó ku yáàdì kan?"

Ó rò ó. "Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo gbé e débẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀meje."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni kóòṣì, tóo mọ ìyẹn, kí lo máa ṣe?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Màá gbé e fún mi."

Kò mú ẹkún rẹ̀ kúrò o. Méje nínú mẹ́sàn-án, méjì tó kù ńkọ́? Ọjọ́ kan ni wọ́n máa dé, wọn kì í sì í béèrè bóyá eré ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó mọ̀ pé ìpinnu tó dára lè parí sí ibi tí kò dára, kó má sì tìtorí ìyẹn di ìpinnu burúkú.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní kí èèyàn máa forí lọ́gi kiri. Bó bá ku yáàdì 15, tóo sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ, gbá a dànù, ọgbọ́n nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká yẹ ọ̀rọ̀ wò bó ṣe rí, ká má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ohun tí aráyé máa wí yan fún wa.

Láyé òde òní, àwọn kóòṣì ti ń yí padà. Nínú Super Bowl ti oṣù Kejì ọdún 2018, ìgbìyànjú kẹrin bá Doug Pederson ti Philadelphia Eagles ní yáàdì kan sí ìpẹ̀kun pápá, ní kété kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi. Ó lè gba àmì 3 rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ gbé e. Nick Foles, tó jẹ́ pé òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù, ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí, ó mú un, ó wọlé. Wọ́n borí Patriots pẹ̀lú 41 sí 33. Ẹni ọ̀wọ̀ ni Pederson dà.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní 2024, Dan Campbell ti Detroit Lions ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní San Francisco lẹ́yìn ìsinmi, dípò kó gba àmì 3. Kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àmì 3 ni wọ́n fi pàdánù, 34 sí 31, Super Bowl sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bú u dáadáa. Nígbà tí ọdún eré tuntun dé, kò torí èébú yí ìwà padà, ó ṣì ń ní kí wọ́n lọ gbé e. Eré 15 nínú 17 ni Lions borí kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹnì kan nílé yín bá dáwọ́ lé nǹkan tí kò yọrí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló rí nígbà tó ń yàn. Bó bá jẹ́ pé ohun tó rí ló tẹ̀ lé, ẹ bá a kẹ́dùn, kí ẹ sì jẹ́ kó tún gbìyànjú.

Ó dàbọ̀ o.