Ìdíje Ti Bẹ̀rẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Ẹni tó wọ dánfó ní Ìkòtún, tó sanwó dé Ẹgbẹ́dá, mọ bí ó ti ń rí nígbà tí awakọ̀ bá já èrò sílẹ̀ ní Ìdímù, tó ní òun kò lọ mọ́. Ẹsẹ̀ ni èrò yóò fi parí ìrìn àjò tó ti sanwó fún.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Super Eagles ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Benghazi ni wọ́n ń lọ láti bá Líbíà gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfurufú Al-Abraq ni wọ́n darí ọkọ̀ wọn sí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn. William Troost-Ekong, balógun wọn, ní àwọn kò gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́. Wọ́n sì padà sílé. Àwọn ará Líbíà náà ráhùn pé ìrìn àjò tiwọn sí Nàìjíríà kò rọrùn. Àjọ CAF gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, ó fún Nàìjíríà ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo, ó sì ní kí Líbíà san owó ìtanràn 50,000 dọ́là.

Ẹni tí kò sùn ti pàdánù kí rẹfirí tó fọn fèrè. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n já sílẹ̀ ní Ìdímù láàárọ̀ ìdánwò kò ní CAF. Olùkọ́ tó dúró lẹ́nu géètì ni adájọ́ rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Aago ti ro ẹjọ́ tirẹ̀. Kí olùkọ́ gbọ́ ti ọmọ náà kó tó gbé pàṣán.